Ta Ni Ó Ni Ìyìn Bí Ọgbà Bá So?

Àwọn àgbà a máa wí pé òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí, a sì ń pa á nígbà tí ó yẹ àti nígbà tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n mo ti kíyè sí i pé bí a ti ń pa á lẹ́nu tó, a kì í rántí rẹ̀ nínú ìdájọ́ wa. Bí ọgbà ẹnì kan bá tutù yọ̀yọ̀, a ó ní òṣìṣẹ́ ni. Bí ti ẹnìkejì bá gbẹ, a ó ní ọ̀lẹ ni, tàbí kí á ní orí rẹ̀ kò sunwọ̀n. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa: nígbà tí òjò bá ti fi ọwọ́ tirẹ̀ sí iṣẹ́ ènìyàn, èwo nínú èrè iṣẹ́ náà ni ó yẹ kí a yin ènìyàn fún, èwo nínú àdánù rẹ̀ ni ó sì yẹ kí a bá a wí fún?

Ọ̀fà Gáréèjì ní Ìlọrin ni mo ń gbé. Ariwo ọkọ̀ àti ti àwọn tí ń pe èrò ni àlejò kọ́kọ́ ń gbọ́ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò rò pé ibẹ̀ ni ènìyàn ti lè kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ewéko. Ṣùgbọ́n ẹ yà sí ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé, ẹ wo ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́lé sí, ẹ ó rí ebè tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú, ẹ ó rí ata àti ilá lẹ́bàá ògiri, ẹ ó sì rí igi máńgòrò kan tàbí méjì tí ó ṣíji bo ẹnu kànga. Àwọn obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ológbà wọ̀nyí. Wọ́n ń ta ẹ̀fọ́ fún àwọn olóúnjẹ tí ń se fún èrò ọkọ̀, owó rẹ̀ a sì di owó ilé-ìwé, owó oògùn àti owó ilé. Nítorí náà ọ̀ràn tí mo gbé kalẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀ràn àfẹnusọ lásán. Ìdájọ́ tí a bá dá lórí ọgbà ẹnì kan lè dé inú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀.

Kí a tó dá ẹjọ́, ó yẹ kí a mọ irú ẹni tí òjò jẹ́. Afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń jìjàdù lórí ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń ti orí òkun bọ̀ láti ìhà gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn, ó ru omi. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ láti ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn, ó gbẹ, ó sì ru eruku. Òun ni ó ń bí ọyẹ́. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró lójú kan. Ní oṣù kìn-ín-ní ó máa ń sún mọ́ etí òkun wa; nígbà tí yóò bá fi di oṣù kẹjọ, ó ti rékọjá ààlà Nàìjíríà ní àríwá. Ìlọrin wà lójú ọ̀nà ìrìn àjò yìí. Ìdí nìyí tí òjò wa fi ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ìparí oṣù kẹta tàbí inú oṣù kẹrin, tí ó ń pọ̀ jù ní oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án, tí ó sì ń dá nínú oṣù kẹwàá. Bí a bá kó òjò ọ̀pọ̀ ọdún pọ̀ tí a sì pín in dọ́gba, ti Ìlọrin tó nǹkan bí mìlímítà 1,200 lọ́dún. Ṣùgbọ́n ewéko kì í mu òjò ìṣirò. Òjò ọjọ́ tirẹ̀ ni ó ń mu.

Àkọ́rọ̀ òjò ni ó ń kó bá ológbà jù. Ìjì ni í sábà gbé e wá láti ìhà ìlà-oòrùn, ó sì lè rọ̀ ní àdúgbò kan kí ó fo èkejì dá. Lẹ́yìn rẹ̀, oòrùn lè tún mú fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Irúgbìn tí omi kò tíì kàn lè dúró nínú ilẹ̀ kí ó máa retí. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ tí ó ti mu omi, tí ó ti lanu, tí ó sì ti ta gbòǹgbò tín-ín-rín bí òwú, kò lè padà di irúgbìn mọ́. Bí omi bá wọ́n án lẹ́yìn èyí, ó parí fún un. Òjò díẹ̀ tí ó rọ̀ tí ó sì dá lè ṣe é ní ibi ju kí òjò má rọ̀ rárá lọ.

Ẹ tún wò ó pé òjò kan náà kì í ṣe ohun kan náà fún gbogbo ewéko. Bí òjò bá ṣèèṣì rọ̀ nínú oṣù kìn-ín-ní, ayọ̀ ni fún tẹ̀tẹ̀ tí a ń fi kẹ́ẹ̀gì pọnmi bọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹlẹ̀ àti òtútù ọyẹ́ ni ó ń mú kí máńgòrò yọ òdòdó. Bí òjò bá pa òdòdó náà, àrùn a mú un, a dúdú, a sì rẹ̀ dànù. Nígbà tí òjò bá wá pọ̀ gan-an, àrùn kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Choanephora a máa mú kí ewé àti ọ̀mùnú tẹ̀tẹ̀ rà. Ata tí omi bá dúró sí lẹ́sẹ̀ a rọ bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, nítorí pé gbòǹgbò náà ń mí, omi sì ti gba ibi tí afẹ́fẹ́ ì bá wà nínú ilẹ̀. Tòmátì kò fẹ́ kí òru gbóná. Bí ó bá gbóná jù, òdòdó rẹ̀ a rẹ̀ láìso. Ewédú ní tirẹ̀ ń ka wákàtí. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọjọ́ tí ó gùn jù àti ọjọ́ tí ó kúrú jù ní Ìlọrin kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ, síbẹ̀ ewédú mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọ̀sán bá kúrú, a tètè yọ òdòdó, ewé rẹ̀ a sì dín kù, ìbáà jẹ́ pé à ń bomi rin ín láràárọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ẹjọ́ tí ó mú mi ronú. Obìnrin méjì ní àdúgbò wa jọ ń gbin ẹ̀fọ́ sórí ilẹ̀ kan náà; ẹsẹ̀ méjì péré ni ó wà láàárín ebè ọ̀kan àti ti èkejì. À ń pe ọ̀kan ní Ìyá Ìbejì, à ń pe èkejì ní Àlájà. Ní ọdún kan, àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ ní ìparí oṣù kẹta. Ìyá Ìbejì jí ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó tún ilẹ̀ ṣe, ó sì fọ́n tẹ̀tẹ̀ àti ewédú. Àlájà kò sí nílé. Ó ti lọ sí ìkómọ ní Ọ̀fà, ó sì lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ nítorí pé ara ìyá ọmọ kò le. Òjò kò rọ̀ mọ́. Irúgbìn Ìyá Ìbejì hù, oòrùn sì jó o. Ó pọnmi títí kànga fi gbẹ. Àlájà padà dé, òjò kejì bá a nílé, ó gbìn, òjò sì ń tẹ̀lé ara wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó ti ń ká ẹ̀fọ́ tà nígbà tí ẹ̀fọ́ ṣì wọ́n. Gbogbo àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí wí pé, "Àlájà mọ ìgbà."

Bí ọ̀rọ̀ náà bá parí síbẹ̀, n kì bá tí kọ ìwé yìí. Ọmọ Ìyá Ìbejì wà ní kíláàsì àṣekágbá, ọjọ́ sì ti sún mọ́ tí wọn yóò san owó ìdánwò. Ìyá náà bẹ ẹgbẹ́ àjọ wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kó ṣáájú àwọn tí ó kàn. Wọ́n kọ̀. Ọ̀kan nínú wọn wí pé, "Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú o. Ẹni tí kò mọ ìgbà tí à ń gbìn, báwo ni yóò ṣe mọ ìgbà tí à ń san?" Àwọn yòókù sì dákẹ́, ìyẹn ni pé wọ́n fara mọ́ ọn. Àlájà ni ó dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ má fi mí ṣe ọlọ́gbọ́n o. Bí kì í bá ṣe ìkómọ tí mo lọ, ọjọ́ kan náà ni èmi àti òun ì bá jọ gbìn, à bá sì jọ pàdánù. Èmi ni oṣù yìí kàn. Ẹ kó o fún un." Bí ọmọ náà ṣe kọ ìdánwò rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Àlájà rí tí àwọn yòókù kò rí. Àwọn obìnrin méjèèjì ní ìmọ̀ kan náà, agbára kan náà àti ilẹ̀ kan náà. Ohun tí ó ya èrè wọn sọ́tọ̀ ni ìkómọ kan ní Ọ̀fà àti ìkùukùu tí kò dúró. Ẹ má sì rò pé ìwà òmùgọ̀ ni kí ènìyàn gbìn ní àkọ́rọ̀ òjò. Ní ọdún 1958, H. F. Birch, onímọ̀ ilẹ̀ kan tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, kọ̀wé nípa ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí omi bá kan ilẹ̀ tí ó ti gbẹ fún ìgbà pípẹ́: àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín inú ilẹ̀ a sọjí, wọn a máa jẹ ohun tí ó ti kú síbẹ̀, oúnjẹ ewéko a sì tú jáde lọ́pọ̀lọpọ̀. Òjò ńlá tí yóò tẹ̀lé e ni yóò wá ṣàn án lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ níbi tí gbòǹgbò kò lè dé. Nítorí náà ẹni tí ó tètè gbìn ní ìdí gúnmọ́ tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá sì kọ́kọ́ kó ẹ̀fọ́ dé ọjà ni ó ń jẹ èrè jù. Ká ní òjò náà kò dá ni, Ìyá Ìbejì ni à bá máa pè ní ẹni tí ó mọ ìgbà, à bá sì máa bi Àlájà pé kí ni ó ń wá ní ìkómọ fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì ní àsìkò iṣẹ́.

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé ohun tí a bá gbìn ni a ó ká. Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yé. Ó ń sọ irú ohun tí a ó ká fún wa: ẹni tí ó gbin àgbàdo kò ní ká ewédú. Kò sọ iye tí a ó ká. Ẹni tí ó gbin ìkà yóò ká ìkà. Ìyẹn kò sọ pé gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo ni ó gbin ìkà tàbí tí ó sùn. Àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ yìí lu ẹni tí ó ti pàdánù ń ka ẹjọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú: wọ́n rí ebè tí ó ṣófo, wọ́n sì ti inú ebè náà fa ìwà olówó rẹ̀ yọ. Ebè kò lè jẹ́rìí bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò fò sí òdì kejì. Yóò ní orí ló mọ iṣẹ́ àṣelà, nítorí náà kí a má yin ẹnikẹ́ni, kí a má sì bá ẹnikẹ́ni wí. Èyí náà kò tọ́. Òjò kò gba gbogbo iṣẹ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ẹni tí ó da koríko gbígbẹ bo ebè rẹ̀ ti fi ọ̀rinrin pamọ́ de oòrùn. Ẹni tí ó gbé ebè rẹ̀ sókè, tí ó sì la ojú àgbàrá, ti pèsè de oṣù kẹsàn-án. Ẹni tí ó fi ìdajì irúgbìn rẹ̀ pamọ́ de òjò kejì ti mọ̀ pé ìgbà kì í lọ bí òréré. Ní ọdún 1983, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú tí iná sì jó ọ̀pọ̀ oko kòkó ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní Ghana, kò sí àgbẹ̀ tí ó lè pe òjò kí ó jẹ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó ti ro etí oko rẹ̀ mọ́ ní ìrètí ju ẹni tí ó fi koríko sílẹ̀ lọ. Bí iná bá jó àwọn méjèèjì, àdánù wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹjọ́ wọn kò dọ́gba.

Ibí yìí ni mo rò pé òtítọ́ wà. Ìyìn àti ìbáwí tọ́ sí ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe pẹ̀lú ìmọ̀ tí ó ní ní ọjọ́ tí ó ṣe é. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù, ti òjò ni. Àwọn bàbá wa sì ti fi èyí sínú èdè wa kí a tó bí wa. Ẹ gbọ́ bí a ti ń kí ara wa. Bí a bá bá ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́, "Ẹ kú iṣẹ́" ni à ń wí. A kì í dúró kí a kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ náà yóò ti rí. Bí a bá bá àgbẹ̀ lóko, a ó ní, "Àrokò bọ́dún dé o," àdúrà ni, nítorí ẹni tí ó kọ́kọ́ kí i bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ọdún kò sí ní ìkáwọ́ àgbẹ̀. À ń wí pé "Ẹ kú òjò," a sì ń wí pé "Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀," bí ẹni pé ìgbà méjèèjì jẹ́ ẹrù tí gbogbo wa jọ rù. Ẹni tí ohun ìní rẹ̀ bá ṣòfò, "Ẹ kú àfẹ́kù" ni à ń kí i. Kò sí ìbéèrè nínú ìkíni náà, kò sì sí ẹ̀sùn. Ẹgbẹ́ àjọ yẹn kí Ìyá Ìbejì kú àfẹ́kù ní òwúrọ̀, wọ́n sì dá a lẹ́bi ní ìrọ̀lẹ́. Ìkíni wọn gbọ́n ju ìdájọ́ wọn lọ.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ohun tí mo wí bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ó ti burú kí a fi ọ̀ràn òjò dá ènìyàn lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ni ó burú kí a fi ọ̀ràn ènìyàn dá òjò lẹ́bi. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ata Àlájà kú pátápátá. Gbogbo ènìyàn ní, "Òjò ọdún yìí mà pọ̀ o!" Òjò pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tí ilé rẹ̀ wà lókè wọn ti fi sìmẹ́ńtì lẹ gbogbo àgbàlá rẹ̀, ó sì ti kọ ojú àgbàrá rẹ̀ sí ọgbà náà. Omi tí ilẹ̀ ì bá mu ń ti orí páànù àti orí sìmẹ́ńtì sáré bọ̀ wá bá ata. Àwọn mìíràn sì ti da ìdọ̀tí dí gọ́tà tí ì bá gbé e lọ. Òjò kò mọ ọ̀nà ilé ẹnikẹ́ni. Ènìyàn ni ó fi ọ̀nà hàn án. Ibi tí omi bá gbà nítorí ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe, ẹjọ́ wà níbẹ̀.

Ọ̀nà ọkọ̀ tí ó ti gáréèjì wa jáde pàápàá lè kọ́ wa ní èyí. Ó gba Ọ̀fà kọjá lọ sí Òkùkù àti Ìkìrun, ọmọ Yorùbá ni gbogbo wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Òkùkù wà nínú rẹ̀. Ọmọ Ọ̀fà àti ọmọ Ìlọrin kò sí nínú rẹ̀, nítorí pé abẹ́ Ìjọba Àríwá ni ìlú tiwọn wà. Ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ tó ṣí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹni tí ó bá fi ìwé-ẹ̀rí ọmọ Òkùkù àti ti ọmọ Ọ̀fà ayé ìgbà náà wéra, tí ó sì ní ọ̀kan mọ̀wé ju èkejì lọ, ń ka ewé ó sì gbàgbé omi. Ẹni tí ó bá sì ní bí òjò ti rọ̀ sí wọn nìyẹn, ó ti gbàgbé pé ènìyàn ni ó fa ààlà náà.

Nítorí náà, kí a tó dá ẹjọ́ ológbà, ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun mẹ́ta. Kí ni ó mọ̀ ní ọjọ́ tí ó gbìn? Kí ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe pẹ̀lú ohun tí ó mọ̀? Ta ni ó sì darí omi? Ìbéèrè kejì nìkan ni ó kan ìyìn àti ìbáwí rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí àánú gbé yẹ, ti ẹ̀kẹta ń sọ ilé tí ó yẹ kí a lọ kan ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tí òjò bá sì ṣe lóore ní gbèsè tirẹ̀. Àlájà kò jalè, kò sì purọ́. Síbẹ̀ ó mọ̀ pé apá kan nínú ẹ̀fọ́ òun kì í ṣe ti òun nìkan, ó sì san án fún ẹni tí òjò gbàgbé.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ni ẹ ń ka èso wa lọ́dọọdún. Èmi kò ní kí ẹ pe èso tí kò sí ní èso. Mo bẹ̀ yín kí ẹ má fi ebè tí ó ṣófo pe ènìyàn ní ọ̀lẹ kí ẹ tó béèrè bí òjò ti rọ̀ sí i. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí ọgbà wa tutù, ẹ jẹ́ kí a ka òjò mọ́ ohun tí ó gbé wa dé ibí. Bí ẹ bá sì gba ẹ̀yìnkùlé kan kọjá lọ́la, tí ẹ bá ológbà lórí ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ wo ewé. Ẹ kí i kú iṣẹ́.